Ìbọn Ọ̀dà Tó Ń Lo Afẹ́fẹ́: Bí A Ṣe Ń Tò Ó àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìséwu

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn ọ̀dà kì í pẹ́ sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ kó sì padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà ń jáde ní tọ́-tọ́-tọ́ dípò kó tú jáde bíi kùrukùru, tàbí kó gbẹ tán kí ara iṣẹ́ rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, tàbí kó máa ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Yóò pààrọ̀ ọ̀dà, yóò pààrọ̀ ìbọn, nígbà tó bá sì sú u, yóò ní ọwọ́ òun ni kò mọ iṣẹ́. Nínú èyí tí ojú mi ti rí, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gbẹ, bí kò bá tó, tàbí bí a kò bá wọ̀n ọ́n níbi tó yẹ ká ti wọ̀n ọ́n, ìbọn tó dára jù lọ kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìdí nìyí tí a óò fi pẹ́ díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ kí a tó ṣí agolo ọ̀dà rárá.

Ìbọn tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ife ọ̀dà rẹ̀ wà lórí, tó ń gba afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tí wọ́n sì kọ HVLP sí lára. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n agbára tí afẹ́fẹ́ náà fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ju psi 10 lọ (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́), èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dà lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ dípò kó fẹ́ lọ. Ìbọn alágbára gíga ti àtijọ́ ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà, àfi pé iye orí géèjì àti bí a ṣe ń jìnnà sí iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi pọ́ǹpù ti ọ̀dà jáde láìlo afẹ́fẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Agbára tirẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ìlànà ààbò tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dà tí a ti pò kì í dúró de ẹni tó ń wá asẹ́ kiri.

- Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó lè máa fún ìbọn ní iye afẹ́fẹ́ tó béèrè. Ọ̀pọ̀ ìbọn HVLP ń fẹ́ cfm 8 sí 12, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 230 sí 340 ní ìṣẹ́jú kan. Iye tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń tú jáde ní psi 40 tàbí 90 ni kí ẹ wò lára rẹ̀. Bí táǹkì ṣe tóbi tó kọ́ ló ń sọ ọ́.
- Họ́ọ̀sì tí ihò inú rẹ̀ tó mílímítà 10. Èyí tó jẹ́ mílímítà 6 ń fún afẹ́fẹ́ lọ́rùn kó tó dé ọwọ́ yín.
- Asẹ́ omi, régúlétọ̀ tí a fi ń yí agbára afẹ́fẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, àti géèjì kékeré kan tí a lè dè mọ́ ìdí ìbọn gan-an.
- Téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ páìpù fi ń wé ẹnu irin.
- Ọ̀dà, tínà tó bá a mu, hádínà (èyí tó ń mú ọ̀dà le) bí ọ̀dà náà bá ń fẹ́ ẹ, ife tí a fàlà iye sí lára, ọ̀pá ìròpọ̀, asẹ́ ọ̀dà, àti ife DIN 4 tí a fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe ki tó.
- Ìbòmú oní-àgbá méjì tó ń gba oru kẹ́míkà, tó sì ní asẹ́ eruku níwájú, awò tó bo ojú yíká, ìbọ̀wọ́ nitrile, aṣọ iṣẹ́ alápá gígùn.
- Páálí ńlá ńlá fún ìdánwò, àkísà tó mọ́, búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké, àti agolo onírin tó ní ìdérí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ibi iṣẹ́ àti ara yín

Oru tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rá lọ, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sí yàrá kejì, kó bá iná pàdé níbẹ̀, kí iná náà sì gba ọ̀nà tí oru gbà lọ padà wá bá yín. Nítorí náà, kò tó kí ẹ ní kò sí iná nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa sítóòfù, ẹ pa ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ní iná kékeré tí kì í kú, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jìnnà sí ibi tí kùrukùru ọ̀dà lè dé, kí ẹnikẹ́ni má sì tan ìṣáná tàbí sìgá nítòsí. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kùn bá jẹ́ irin, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, nítorí ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ tó ń sáré gba ara irin lè kó iná jọ sí i lára títí yóò fi ta.

Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé ní ìhà kan kó sì máa jáde ní ìhà kejì, kí ẹ sì dúró sí ibi tí yóò ti máa gba ẹ̀yìn yín kọjá sára iṣẹ́. Fáànù inú ilé lásán kò yẹ fún fífa oru tínà jáde, nítorí oru náà yóò gba àárín mọ́tọ̀ rẹ̀, mọ́tọ̀ náà sì máa ń ta iná wẹ́wẹ́ nínú. Bí ẹ kò bá ní fáànù tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣiṣẹ́ níta lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò bá pọ̀.

Ní ti ìbòmú, èyí aláṣọ àti èyí tí a fi ń dí eruku kò lè dá oru dúró. Kẹ́míkà ń gba inú wọn kọjá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Oní-àgbá ni kí ẹ wọ̀. Irùngbọ̀n ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lanu, bó ti wù kí ẹ fà á le tó. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ àgbá rẹ̀ ní àsìkò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fi falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a ń pò mọ́ hádínà, pàápàá ti ọkọ̀ àti kílíà rẹ̀ (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fín lé e lórí), ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ó lè fa ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́, ara tó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ bíńtín ti tó láti tún dá a sílẹ̀. Ó lè ti pọ̀ tó láti ṣèpalára kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé imú yín láti mọ̀ pé ìbòmú ti jò. Ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn ni irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí ẹ kò bá ní i, ọ̀dà mìíràn ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ní i.

Àyẹ̀wò: Ẹ wọ ìbòmú oní-àgbá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí ojú àgbá rẹ̀, kí ẹ sì rọra fa èémí sínú. Ìbòmú gbọ́dọ̀ fà mọ́ ojú yín kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tàbí lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ tún okùn rẹ̀ fà.

Ìgbésẹ̀ 2: Afẹ́fẹ́

Nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà ń gbóná. Nígbà tó bá sì tutù nínú táǹkì, ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀ á di omi, á sì jókòó sísàlẹ̀. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì sílẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀, kí ẹ ṣí fáàfù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi dà tán. Ojoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó ni kí ẹ ṣe èyí. Nígbà kan, mo fín kílíà sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì yọ ihò wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́. Mo bú tínà, mo bú ẹni tó tà á. Ìgbà tí mo wá ṣí ìdí táǹkì, omi tó dà jáde ju ife kan lọ, ó pọ́n bí ìpẹtà, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ nítorí òróró tó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìdí táǹkì ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀ wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi asẹ́ omi sí kò tọ̀nà. Wọ́n á dè é mọ́ ẹnu kọ̀mpúrẹ́sọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì gbóná, tí omi ṣì jẹ́ oru, oru náà á sì gba inú asẹ́ kọjá lọ jẹ́ẹ́ kó tó di omi nínú họ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rin mítà bíi 7 tàbí 8 nínú páìpù tàbí họ́ọ̀sì kó lè tutù, kí ẹ tó fi asẹ́ àti régúlétọ̀ sí i, kí họ́ọ̀sì tó lọ sídìí ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Bí ẹ bá ń fi téèpù funfun wé ẹnu irin tí a ń yí wọra, ẹ fi okùn irin àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìwé. Èérún téèpù tó bá já wọnú ìbọn lè dí ihò afẹ́fẹ́, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ géèjì ló kù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Wọ́n á wo géèjì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan tírígà, wọ́n á rí psi 29, wọ́n á ní ó pé. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀ lójú ọ̀nà, psi 29 yẹn sì lè di 18 nídìí ìbọn. Ẹ di tírígà mú kí afẹ́fẹ́ máa jáde, láìsí ọ̀dà nínú ife, kí ẹ sì máa yí régúlétọ̀ títí géèjì ìdí ìbọn yóò fi dúró sí iye tí wọ́n kọ sára ìbọn tàbí sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ HVLP ń fẹ́ psi 25 sí 29. Ìbọn àtijọ́ lè fẹ́ 40 sí 50. Ẹ má kọjá iye gíga jù lọ tí wọ́n kọ sára ìbọn, ẹ má sì fọwọ́ kan fáàfù ààbò orí táǹkì.

Ìkìlọ̀: Ẹ má fi afẹ́fẹ́ yìí fẹ́ eruku kúrò lára yín tàbí lára ẹlòmíràn. Ó lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba ojú àti etí jẹ́. Ẹ má dojú ìbọn kọ ènìyàn, kódà bí kò bá sí ọ̀dà nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tú họ́ọ̀sì tàbí tú ìbọn, ẹ ti afẹ́fẹ́ pa, ẹ fa tírígà kí èyí tó kù jáde tán, kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Họ́ọ̀sì tó já pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú máa ń nà kiri bí ejò tí a tẹ̀ nírù.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀, ibi tó bá ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ ìbọn sára dígí tó mọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú: dígí náà kò gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin lára, kò sì gbọ́dọ̀ yọ̀ lọ́wọ́. Ní ìkẹyìn, ẹ di tírígà mú fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò dúró, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín kò tó fún ìbọn yìí. Ẹ ṣì lè fi kun ohun kékeré bí ẹ bá ń dúró kí táǹkì kún láàárín, ṣùgbọ́n ẹ má fi dáwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìbọn fúnra rẹ̀

Ohun mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀: nọ́sù tí ọ̀dà ń gba inú rẹ̀ jáde, abẹ́rẹ́ tó ń dí nọ́sù náà láti inú, àti ìdérí afẹ́fẹ́ oníwo méjì tó wà níta. Nọ́sù mílímítà 1.3 tàbí 1.4 ló bá ọ̀dà àwọ̀ àti kílíà mu. Práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó ki ń fẹ́ 1.7 sí 2.0. Abẹ́rẹ́ àti nọ́sù jọ ń rìn ni, ẹ má mú ti ìwọ̀n kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn.

Ìbọn tuntun ní òróró nínú láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kí ó má baà dípẹtà. Ẹ da tínà díẹ̀ sínú ife, kí ẹ fín in jáde sínú agolo onírin kí ẹ tó fi ọ̀dà sí i. Ẹ yẹra fún ohun ìfọ̀ tó ní chlorine nínú, irú bíi methylene chloride, nítorí ó lè bá alumíníọ̀mù ara ìbọn jà títí yóò fi bú gbàmù. Ẹ wo ihò kékeré orí ìdérí ife pẹ̀lú. Bí ó bá dí, ọ̀dà kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ déédéé.

Àyẹ̀wò: Ẹ rọra fa tírígà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kí tínà tó tẹ̀ lé e bí ẹ ti ń fà á lọ. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, tínà gbọ́dọ̀ dá kíá, láìsí ẹ̀kán kan lẹ́nu nọ́sù. Èyí tó ń kán, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò jókòó dáadáa tàbí ìdọ̀tí há sí i lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀dà

Ẹ ro ọ̀dà láti ìdí agolo wá sókè títí àwọ̀ tó sùn sísàlẹ̀ yóò fi gbéra. Ẹ fi tínà àti hádínà sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo, kí ẹ fi ife alálà wọ̀n ọ́n. Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n fún hádínà. Ẹ ki ife DIN 4 bọ inú rẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì ka iye sẹ́kọ́ǹdù tó fi ń ṣàn jáde títí okùn ọ̀dà yóò fi já. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a ń fín máa ń wà láàárín sẹ́kọ́ǹdù 16 sí 22, ṣùgbọ́n iye tí ìwé ọ̀dà yín sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀dà tó tutù máa ń ki ju èyí tó móoru lọ, nítorí náà ẹ má kàn da tínà sí i láàárọ̀ ọjọ́ tútù. Ẹ jẹ́ kó jókòó sínú yàrá ná.

Ẹ sẹ́ ẹ, bó bá tilẹ̀ jẹ́ agolo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kí ó má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, kó má baà dà jáde nígbà tí ẹ bá tẹ ìbọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Abẹ̀bẹ̀ ọ̀dà lórí páálí

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí àwọn oníkánjú ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí páálí ń sọ gbogbo àṣírí ìbọn kí ọ̀dà kan tó kan iṣẹ́. Kókó mẹ́ta ló sábà wà lára ìbọn: ọ̀kan fún fífẹ̀ abẹ̀bẹ̀ (bí ọ̀dà ṣe ń tú jáde lẹ́nu ìbọn bí abẹ̀bẹ̀), ọ̀kan fún iye ọ̀dà, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ ṣí ti afẹ́fẹ́ pátápátá, nítorí régúlétọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ ṣí ti abẹ̀bẹ̀ tán. Ẹ ti ti ọ̀dà pa, kí ẹ fa tírígà dé ìdí, kí ẹ sì máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀dà yóò fi máa jáde dáadáa.

Ẹ so páálí mọ́ ògiri. Ẹ mú ìbọn jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ìyẹn nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tí a la ìka rẹ̀. Ìbọn àtijọ́ ń fẹ́ 20 sí 25. Ẹ dúró lójú kan, ẹ fa tírígà kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà lórí páálí ni àmì gígùn tó dúró lóòró, tó rí bí ẹyin tí a fà gùn, tó ki bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí etí rẹ̀ sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá nípọn láàárín tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀dà ti ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí ó ki jù. Ẹ fi psi 2 tàbí 3 kún un, tàbí kí ẹ dín ọ̀dà kù. Bí ó bá là sí méjì, tí òkè àti ìsàlẹ̀ nípọn tí àárín sì ṣófo, afẹ́fẹ́ ló ti jẹ gàba lórí ọ̀dà. Ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ fún abẹ̀bẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí apá kan rẹ̀ wúwo ju ìkejì, ìdọ̀tí wà níbì kan. Ẹ yí ìdérí afẹ́fẹ́ ní ìlàjì òbírí kí ẹ tún fín in. Bí àléébù náà bá bá ìdérí yí, inú ihò ìdérí ni ìdọ̀tí wà. Bí kò bá kúrò ní ìhà tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ wá a lẹ́nu nọ́sù.

Èyí tó ń jáde ní tọ́-tọ́-tọ́ ni àwọn ènìyàn ń bínú sí jù, ó sì rọrùn láti wá ìdí rẹ̀: afẹ́fẹ́ ń wọ ojú ọ̀nà ọ̀dà ni. Bóyá nọ́sù kò dè dáadáa, bóyá rọ́bà tó yí abẹ́rẹ́ ká lẹ́yìn ti gbẹ, bóyá ihò ìdérí ife dí, tàbí kí ọ̀dà inú ife kàn ti fẹ́ tán.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí kókó méjì pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó tún un ṣe. Èmi máa ń kọ iye psi àti iye ìgbà tí mo tú kókó ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan lórí páálí, mo sì ń fi páálí náà pamọ́ di ìgbà mìíràn tí n óò tún fín irú ọ̀dà yẹn.

Àyẹ̀wò: Ẹ yí ìdérí afẹ́fẹ́ kí ìwo rẹ̀ kan wà lókè, kí ìkejì wà nísàlẹ̀; abẹ̀bẹ̀ á wá dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ di tírígà mú lójú kan títí ọ̀dà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lórí páálí. Bí gbogbo okùn ọ̀dà náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, ìbọn ti ṣe tán. Ẹ dá ìwo padà sí ọ̀tún àti òsì.

Ìgbésẹ̀ 6: Fínfín

Ẹ kọ́kọ́ fọ òróró àti ọ̀rá kúrò lára iṣẹ́, kí ẹ tó fi sánpépà fá a. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fá a ti ti ọ̀rá náà wọnú ìlà tí sánpépà fà sára iṣẹ́, yóò sì rí i nígbà tí ọ̀dà bá ń sá kúrò lójú kan ní róbótó-róbótó bí ojú ẹja. Lẹ́yìn fífá, ẹ tún nù ún, ẹ gba eruku kúrò, ẹ fi téèpù bo ibi tí ẹ kò fẹ́ kí ọ̀dà kàn.

Ọwọ́ yín ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà báyìí. Ẹ mú ìbọn kó dojú kọ iṣẹ́ tààrà, kí gbogbo apá máa rìn láti èjìká, kí ọrùn ọwọ́ má tẹ̀. Àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń ju ọwọ́ bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn: ìbọn á súnmọ́ iṣẹ́ láàárín, á jìnnà sí i ní ìkangun méjèèjì, àárín á sì nípọn nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ń gbẹ bí eruku. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí ẹ tó fa tírígà, kí ọ̀dà ti máa jáde kó tó dé etí iṣẹ́. Ẹ kọjá etí kejì kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìlà kejì gbọ́dọ̀ gun ìlàjì ìlà àkọ́kọ́, kẹ́ta kó gun ìlàjì kejì, bẹ́ẹ̀ lẹ máa bá a lọ. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ dojú àárín abẹ̀bẹ̀ kọ etí ìlà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín.

Ẹ kọ́kọ́ fín etí àti igun, kí ẹ tó fín ojú gbangba. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ bo iṣẹ́ tán. Kí ó fẹ́lẹ́, kó kàn fún èyí tó ń bọ̀ ní ibi tí yóò dì mú. Ẹ fún un ní àkókò tí ìwé ọ̀dà sọ, ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó tó kan ìpele kejì. Ọ̀pọ̀ omijé ọ̀dà ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rí àwọ̀ tó pé lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọ̀dà bá ṣàn, ẹ fi sílẹ̀. Ìka tí ẹ fẹ́ fi nù ún yóò sọ àléébù kékeré di ńlá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi sánpépà fá a, kí ẹ tún fín ibẹ̀. Bí ara iṣẹ́ bá rí bí èèpo ọsàn, ọ̀dà ń gbẹ kó tó tẹ́jú: ó lè ki jù, afẹ́fẹ́ lè kéré jù, tàbí kí ẹ ti jìnnà jù. Bí kílíà bá sì funfun bí ìkùukùu lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ dáwọ́ dúró títí ọjọ́ yóò fi gbẹ.

Àyẹ̀wò: Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lójú iṣẹ́, kí ẹ sì wò ó nígbà tó ṣì tutù. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán bákan náà. Ibi tó bá ṣókùnkùn tó sì rí háríhá ni ìlà kò ti gun ara wọn, ẹ sì lè fín in kó tó gbẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Fífọ̀

Lójú ẹsẹ̀ ni, pàápàá bí hádínà bá wà nínú ọ̀dà. Ẹ má tíì bọ́ ìbòmú o. Tínà tí ẹ ń fín jáde nígbà ìfọ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ da ọ̀dà tó kù jáde sínú agolo, kì í ṣe sínú gọ́tà. Ẹ fi tínà fọ ife, ẹ fi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fín in sínú agolo onírin títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Ẹ ti afẹ́fẹ́ pa, ẹ tú èyí tó kù nínú họ́ọ̀sì jáde, kí ẹ wá tú ìbọn.

Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà yọ láti ẹ̀yìn, kí ẹ tó fi sípánà tú nọ́sù. Nígbà àtòpadà, nọ́sù ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá yí èyí padà lè ba ẹnu méjèèjì jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n. Ẹ má fi wáyà tàbí ìṣó tú ihò ìdérí afẹ́fẹ́, nítorí ihò tó fẹ̀ díẹ̀ péré ti ba abẹ̀bẹ̀ jẹ́ títí láé. Igi ìtayín tí a rẹ sínú tínà ti tó. Ẹ má sì rì gbogbo ìbọn sínú tínà mọ́jú: rọ́bà inú rẹ̀ á wú, ìdọ̀tí á sì wọ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Ẹ fi òróró ẹ̀rọ tí kò ní silicone kán abẹ́rẹ́ àti ibi tí tírígà ti ń yí, ẹ̀kán kan kan.

Àkísà tó ní ọ̀dà olóróró kò gbọ́dọ̀ wà ní òkìtì. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ fi sínú agolo onírin, ẹ da omi lé e, kí ẹ sì dé e.

Àyẹ̀wò: Ẹ to ìbọn padà, ẹ fi tínà tó mọ́ sínú ife, kí ẹ fín in sára páálí funfun. Bí ó bá gbẹ láìfi àwọ̀ kankan sílẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ti ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹ da tínà náà jáde, ẹ fi ìbọn kọ́ sókè, kí ẹ sì lọ ṣí ìdí táǹkì.